Wáyà Kejì

Ẹ gbà mí o, ta ni wọ́n ń ní kó dán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò? Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé àbúrò yìí lọ́wọ́ nìyẹn. Òun ni ọ̀gá yàrá ẹ̀rọ nílé ìwòsàn ńlá kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rédíò, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún rédíò ṣe kí ayé tó pa rédíò tì. Àbúrò ló bá a wá iṣẹ́ síbẹ̀. Ó kù kó fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ, kó lè máa dá ṣiṣẹ́. Bí kò bá fún un, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ojú á sì ti ẹ̀gbọ́n nílé àti lóde.

Sáfà àlòkù kan wà lórí tábìlì fún ìdánwò. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣí i, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi."

Bàbá Rédíò tẹ bọ́tìnì, ariwo fáànù rọlẹ̀. Ó fa wáyà iná yọ, ó tú ìdérí, ó sì na ẹ̀yìn ọwọ́ sínú ẹ̀rọ, bí àwọn oníṣẹ́ rédíò ṣe máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá iná ṣì wà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé? Mo ti yọ wáyà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà o."

Àkísà! Ta ló bi í ní àkísà? Àbúrò tẹjú mọ́ inú ẹ̀rọ. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe é, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Iná tín-ín-rín kan ṣì ń tàn nínú ẹ̀rọ náà.

"Wáyà méjì ni sáfà ní, ẹ̀gbọ́n mi, kó má bàa kú bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Èkejì ṣì wà lẹ́yìn."

Bàbá Rédíò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí i lẹ́yìn ẹsẹ̀ tábìlì. Ó fà á yọ. Wọ́n dúró títí iná náà fi kú. Bàbá Rédíò fi ọwọ́ tó nà lẹ́ẹ̀kan pamọ́ sẹ́yìn. Àbúrò rí i, ó gbójú kúrò, nítorí ọkùnrin tó ń gbé e léjìká nígbà èwe nìyẹn.

Àbúrò na okùn kan sí i, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ àti irin ẹ̀rọ, kí iná ara èèyàn, tí èèyàn kì í mọ̀ lára, má bàa pa nǹkan nínú rẹ̀.

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí, tí o fẹ́ so mọ́lẹ̀?"

"Ewúrẹ́ kì í tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ so ó."

Bàbá Rédíò so ó. "Fáànù rèé. Àwọn pẹlẹbẹ tó tò yìí ni ẹ̀rọ fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ọpọlọ rẹ̀ wà lábẹ́ irin tó dà bí òòyà yìí, irin ló ń fa ooru kúrò. Dísíìkì tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí nìwọ̀nyí."

Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà, síbẹ̀ ọkàn àbúrò kò balẹ̀. Kò sí ìbéèrè tí ọkùnrin yìí kì í fèsì sí, ì báà jẹ́ irọ́. Bó bá dá wà níbí, tó méfò, tó fa ohun tí kò yẹ yọ, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ló máa bá a lọ. Àbúrò nàka sí àpò kékeré kan tí wáyà tín-ín-rín so mọ́ pákó ẹ̀rọ.

"Èyí ńkọ́?"

Bàbá Rédíò ya ẹnu, ó pa á dé. Ó wò ó títí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Omi lé sójú àbúrò. Ó fa àga, ó jókòó tì í. "Bátìrì ni. Bí iná bá lọ lójijì, òun ló ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí kò tíì dé inú dísíìkì."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pè mí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì mú kọ́kọ́rọ́. Ó nàka sí igun ẹ̀rọ náà.

"Eléyìí ńkọ́, àbúrò? Òun náà ò yé mi."