Ibi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kì Í Tẹ̀

Mo sanwó ìwọlé kí ẹ̀gbọ́n mi tó ráyè wò mí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àlejò káàkiri ààfin ńlá tí àwọn ọba ti ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ tí ojú wọn ò ká. Mo kọ lẹ́tà, kò fèsì. Mo pè é, kò gbé e. Ìyá wa sì wà lórí ibùsùn, ẹ̀mí ń lọ, ẹ̀mí ń bọ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè: ibo ni wọ́n sin bàbá wa sí?

Káfíńtà ni bàbá wa. Fèrèsé ààfin ni àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi ń tún ṣe lọ́jọ́ tí àwọn ológun já wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló jáde. Láti ọjọ́ náà, bí a bá bi í, á ní òun ò rí nǹkan kan.

Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn àlejò. Ẹnu rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó to ọba tó kọ́ ilé náà, ọba tó lé e, ológun tó lé ọba, àti àwọn tó lé ológun, bí ẹni ń to àwo. Gbogbo wọn ló kun ògiri lọ́dà tuntun, bíi pé ẹ̀jẹ̀ ò kan ibẹ̀ rí. Nígbà tí a dé àgbàlá ẹ̀yìn, ó ní àwọn ihò ara ògiri, ibi tí àwọn bíríkìlà ki igi bọ̀ láti fi gun òkè ni.

Ara mi ò gbà á mọ́.

"Bùọ̀dá mi, ihò ìbọn ni. Ìyá wa ń kú lọ. Níbo ni bàbá wa wà?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, màdáàmù, ẹ ti ṣì mí mú." Ó kọjú sí àwọn yòókù, ó rẹ́rìn-ín. "A máa ń rí irú wọn."

Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe ń kó wọn lọ, gbogbo wọn gba àárín àgbàlá kọjá, wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló yà, ó fara ha ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó rìn yí ibì kan po láàárín àgbàlá náà bí ẹni ń yẹra fún iná.

Mo lọ jókòó síbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá wa? Pé gbogbo ayé ló ń tẹ ọkọ wọn mọ́lẹ̀, ọmọ wọn ló sì ń mú àwọn àlejò wá?

Ẹ̀ṣọ́ kan dé, ó ní kí n dìde, àwọn àlejò mìíràn ń bọ̀.

Mo dìde, wọ́n sì gba ibẹ̀ kọjá.