Kò Sẹ́nìkan Láàárín

"Bàtà ẹsẹ̀ kejì dà?" ni ẹ̀gbọ́n olóògbé ń bi àbíkẹ́yìn àwọn ọmọ náà léèrè.

Báàgì mẹ́ta ti wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, aṣọ àwọn ọmọ sì ti kún inú wọn. Àkọ́bí yóò bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yìí lọ, ti àárín ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wọn, àbíkẹ́yìn ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ìyá wọn, tíṣà sáyẹ́ǹsì, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń so orí méjèèjì okùn ìsáṣọ kan pọ̀ di òrùka.

"Ìyàwó, má fi ìdákẹ́ bá mi jà. Àbúrò mi ni oòrùn ilé yìí, oòrùn sì ti wọ̀. Kí ló kù tí àwọn ọmọ fẹ́ máa yí po? Kí wọ́n tó fọ́n ká, ẹ jẹ́ ká pín wọn."

"Tí ẹ bá pín wọn, ṣé wọn ò tíì fọ́n ká nìyẹn, ẹ̀gbọ́n?"

"Tíṣà ti dé. O fẹ́ sọ mí di ọmọ kíláàsì."

"Ẹ ti wọ kíláàsì ná, ẹ jókòó."

Àkọ́bí yára fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

Kò sí ẹ̀kọ́ tí obìnrin yìí ń kọ́ níléèwé tí kì í kọ́kọ́ dán wò ní pálọ̀ yìí. Bàbá wọn a máa bá wọn di okùn mú, a ní òun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tó nírùngbọ̀n. Nígbà tí ìyá dìde, tó na okùn, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe àwọn ọmọ. Wọ́n dì í mú, wọ́n kẹ̀yìn síta, wọ́n fara fà sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yípo.

"Ẹ wo àárín, ẹ̀gbọ́n. Ta lẹ rí?"

"Kò sẹ́nìkan."

"Bí agbo ìràwọ̀, àìmọye ìràwọ̀ tó jọ ń yípo lójú ọ̀run, ṣe rí nìyẹn. Lóòótọ́, oòrùn kan ni ayé wa ń yí po. Ṣùgbọ́n nínú agbo ńlá, kò sí ìràwọ̀ kan tó dá di gbogbo wọn mú. Wọ́n ń fa ara wọn ni. Ohun kan tún wà láàárín wọn tí ojú ò rí, tó ń fà ju gbogbo èyí tó ń tàn lọ." Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. "Ẹni tó lọ ṣì ń fà wá."

"Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"Ìràwọ̀ pàápàá ń ṣubú. Eré tó ń sá ni kì í jẹ́ kó balẹ̀. Àwa náà á máa sáré."

"Ẹbí ti fẹnu kò."

"Àwa náà ti fẹnu kò. Ẹ bi wọ́n."

Kò bi wọ́n. Àbíkẹ́yìn fi ẹsẹ̀ kan bọ́ bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ kejì dànù, kò sì jọ̀wọ́ okùn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ìyá wọn wí bó ṣe ń yí kọjá níwájú rẹ̀, "ẹ bá wa kó àwọn báàgì yẹn padà sí yàrá."

Ọkùnrin náà gbé ọ̀kan nínú àwọn báàgì náà. Ó ní láti fara ti ògiri títí àwọn mẹ́rin tó ń yípo fi yí kọjá, kí ó tó ráyè dé ẹnu ọ̀nà yàrá.