Bí A Ṣe Ń Kí Ọ̀pá Ààlà

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ̀yin ará ilé, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín. Àǹtí Wúràọlá, àbúrò màmá mi, tí ẹ mọ̀ pé kò gun kẹ̀kẹ́ rí, ló ń wa ọkọ̀ ńlá kan tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìtọ̀ nínú. A ń yẹ àwọn ìlú àtijọ́ tó wà létí ààlà wò ní ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ìlú tí a bá ti dé, wọ́n á fi odi wọn hàn wá, Àǹtí á sì bi odi náà pé kí ló fi ju odi Erédò ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ. Odi á tọrọ àforíjì.

Èmi kò gbádùn odi kankan. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ilé ìtọ̀ inú ọkọ̀ ní kí n má bínú, òdìkejì ààlà ni wọ́n ti fún òun níwèé àṣẹ, òun kò lè ṣílẹ̀kùn níhìn-ín.

A bá forí lé ààlà. Ọ́fíìsì wọn ń léfòó lórí odò, okùn la fi fà á wá sétí bèbè. Ọ̀gá inú rẹ̀ gba ìwé ìrìnnà wa, ó wò ó, ó di ewúrẹ́, ó sì bu igun ewé kọ̀ọ̀kan jẹ. Mo yẹ ojú eyín rẹ̀ wò: ó gún régé, òǹtẹ̀ tó dáa ni. Mo dúpẹ́.

Ó wá ku ọ̀pá tó dábùú ọ̀nà. Àǹtí kì í kọjá ẹnikẹ́ni láìkí i. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ kú ìdúró o."

Ọ̀pá náà ní, "Ìjọba mẹ́ta ló ti jẹ, tí wọ́n ti lọ, tí mo ṣì dùbúlẹ̀ síbí. Ìdúró wo lẹ rí?"

Àǹtí ní ẹ kú ìsinmi nígbà náà. Ìyẹn tún wá burú jù: ọ̀pá ní ẹnu iṣẹ́ lòun wà. Ewúrẹ́ náà mi orí, ó ní ẹnì kan ti ṣi ọ̀pá yìí kí rí, ìdí ọ̀pá níbí ló darúgbó sí.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fún itan pọ̀, mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìdábùú, sà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú méjì."

Inú ọ̀pá yọ́. Ó ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ dún kíẹ̀ẹ́.

Mo jí. Ìtọ̀ náà bá mi jí. Mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣáláńgá wa. Ẹnì kan ti fi igi dábùú ilẹ̀kùn láti inú. Mo kàn án.

"Ṣé o ò lè kí èèyàn ni?" Ohùn Àǹtí Wúràọlá ni.

Mo fún itan pọ̀. "Ẹ kú ìjókòó, mà."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo jókòó?"