Ṣẹ́ẹ̀tì Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

...tí mo bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Màámi rán, Ọ̀gá á tún tẹjú mọ́ ọrùn mi. Tí mo bá wọ èyí tí mo rà, Màámi á wò ó — rárá, wọn ò ní wò ó. Wọ́n á fọwọ́ pa á. Àràárọ̀ ni wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n tó jáde, tí wọ́n ń tún kọ́là mi ṣe. Ojú wọn ti ń lọ. Ọwọ́ ló kù tí wọ́n fi ń ríran. Wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ wọn.

Wọ́n ti jí. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn ní pálọ̀, wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Ẹ rọra, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n ronú ná.

Tiwọn nìyí lórí àga. Wọ́n ti lọ̀ ọ́. Kọ́là apá kan ga ju ìkejì lọ, ihò bọ́tìnnì sì wà níbi tí bọ́tìnnì ò sí. Aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀ nígbà kan... Mi ò ro ti aṣọ rí láyé mi. Ta ní ń ro ti aṣọ nígbà tí ìyá ẹ̀ ń ránṣọ? Iṣẹ́ yìí ló dé. Mo ti ń gé èékánná báyìí, mò ń kun bàtà, mo ra díńgí. Èmi.

"Ìwé tí o kọ dáa," Ọ̀gá ló wí i, níwájú àwọn agbẹjọ́rò yòókù. "Àmọ́ oníbàárà á wo ọrùn ẹ kó tó ka ìwé ẹ. Lọ wá ṣẹ́ẹ̀tì gidi."

Gidi. Kò sì purọ́. Màámi fúnra wọn ló máa ń wí i fáwọn oníbàárà tiwọn: ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe tí wọ́n fi jẹun ló padà wá ń bú wọn.

Èmi sì ni Ọ̀gá ń mú lọ bá oníbàárà lónìí. Tí kọ́là mi bá tún wọ́, kò ní pè mí mọ́ láé. Kí n wọ tiwọn lé tèmi lórí, kí n wá bọ́ ọ lẹ́yìn ilé? Wèrè. Agbẹjọ́rò tó ń tú aṣọ lẹ́yìn ilé.

Ó dáa. Mo nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà ní kọ̀rọ̀ tí mo tì í sí. Mo wọ̀ ọ́. Ó funfun, kọ́là dúró dáadáa. Apá rẹ̀ nìkan ló gùn jù, ó bo ìka mi nígbà tí mo dán an wò, màá kàn —

Kò bo ìka mi.

Ó dúró sí ọrùn ọwọ́, níbi tó yẹ kó dúró gan-an. Mo gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n ti ká a. Wọ́n ti fi ọwọ́ rán an, ojú rírán náà ń lọ kọ́lọkọ̀lọ... Òwú búlúù ni. Lórí aṣọ funfun, Màámi. Òwú búlúù.

Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ pa kọ́là tí wọ́n mọ̀ pé ó ń tì mí lójú. "Ó bá ẹ mu, ọkọ mi."

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá tú òwú yìí, apá á tún gùn. Tí mi ò bá tú u, Ọ̀gá á rí i...

Ẹsẹ̀ wọn ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró. Wọn ò kanlẹ̀kùn, wọn ò bèèrè èwo ni mo wọ̀.

Mo rò pé èmi ni mò ń bo àṣírí wọn. Àṣé àwọn ló ń bo tèmi.

Mo de bọ́tìnnì ọwọ́. Òwú náà hàn síta. Kó hàn.