Oúnjẹ Alága

Òṣùwọ̀n da agolo oúnjẹ ológbò kan dé sínú asẹ́ tíì, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ẹran inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń fún ọ̀daràn lọ́rùn. Omi jáde. Omi tún jáde. Nígbà tí omi máa fi dákẹ́, ohun tó kù nínú asẹ́ kò kún ọwọ́ ọmọdé.

"Olè," ló sọ fún agolo náà. "Olè tó dé adé."

Adé wúrà wà lára agolo náà lóòótọ́, ológbò kan sì wà lábẹ́ adé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí bí ti onílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó ilé. Agolo kejì ò ní adé. Ẹja búlúù kan péré ló wà lára tiẹ̀, èèyàn sì lè búra pé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló yà á. Owó agolo aládé kan á ra ẹlẹ́ja mẹ́ta. Òṣùwọ̀n sẹ́ ẹlẹ́ja náà, ó gbé e sórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun, ó di ojú òsì, ó fi ọ̀tún wo abẹ́rẹ́. Ó di ọ̀tún, ó fi òsì wò ó. Ẹran tó wà nínú ẹlẹ́ja fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti aládé. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: ẹja ló ṣáájú, ẹ̀dọ̀ tẹ̀ lé e, táúrínì sì wà níbẹ̀, èròjà tí ológbò kò bá rí jẹ, ojú rẹ̀ lè fọ́. Aládé ńkọ́? Àgbàdo ló ṣáájú. Àgbàdo! Adìẹ ni àbí ológbò?

Ó wá bu ṣíbí kan nínú ẹlẹ́ja, ó jẹ ẹ́. Ìwádìí ni. Ẹni tó fẹ́ mọ bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó, ṣé etí ni yóò fi tọ́ ọ wò? Ó bu ìkejì, torí pé ẹlẹ́rìí kan kì í gba ẹjọ́ rò.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi wọn ẹrù nílé-ìkẹ́rùsí. Bó bá fi ìka kan gbé àpò, yóò sọ iye tó wọ̀n, ìwọ̀n irin á sì wá jẹ́rìí sí i. Àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwọ̀n oníná dé. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n fún un ní aago ògiri kan tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n ní ó dàbọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ tí ohùn rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì.

"Òṣùwọ̀n!" Ohùn náà ló kọ́kọ́ wọ kíṣìnì, ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e. "Aago mẹ́wàá ni dókítà ẹranko ń bọ̀. Ṣé o ti di ẹrù rẹ?"

"Ẹrù kẹ̀, Àǹtí? Alága, ológbò yín, ti ń sanra."

"Ìwọ̀n ló máa sọ ìyẹn. Kílò mẹ́ta ló wọ̀n lóṣù tó kọjá, bí ìwọ tí mo ní kó o máa bọ́ ọ ṣe wà láàyè. Mo fún ọ lóṣù kan. Bí ò bá fi ààbọ̀ kílò kún, ìwọ ni màá yọ kúrò nínú ilé yìí."

Ó gbé àwo kan kalẹ̀ fún àbúrò rẹ̀: orí búrẹ́dì àti ìdí búrẹ́dì. Nínú ilé yẹn, àárín búrẹ́dì kì í ṣe ti ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ ṣé, mà," ni Òṣùwọ̀n wí.

Owó aládé ni ẹ̀gbọ́n ń kó fún un láràárọ̀, ẹlẹ́ja ló sì ń fi rà. Kò kó owó jẹ o! Agolo mẹ́ta ló ń rà dípò ẹyọ kan. Ọ̀kan jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ Alága. Ìkejì jẹ́ ti alẹ́. Ìkẹta... ẹ jẹ́ ká fi ìkẹta sílẹ̀ ná.

Dókítà dé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan, ìwọ̀n oníná pẹlẹbẹ lábíyá, irú èyí tí ajá ńlá lè dúró lé. Ó gbé Alága sórí ìwọ̀n, Alága fi èékánná ya á lọ́wọ́, ó sì bẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ó dáa, ọ̀gbẹ́ni," ni dókítà wí fún ológbò náà. "Jókòó síbẹ̀." Ó gbé àtapẹ̀rẹ̀ àtológbò lé e. Nọ́ńbà sá sókè, ó sá sódò, ó dúró.

"Kílò mẹ́ta àbọ̀! Ẹ kú oríire, Mọ́mì!"

Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fò sókè, obìnrin tí ó máa ń ní orúnkún ń dun òun! Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó sì sọ ohun tí kò sọ rí láti ọdún mẹ́fà: "Òṣùwọ̀n, o gbìyànjú. Lọ gé àárín búrẹ́dì jẹ."

Ká ní ó lọ ni. Ọ̀bẹ wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ti yí sí ọ̀nà kíṣìnì. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wo ìwọ̀n oníná náà bó ṣe jókòó sílẹ̀ tó ń tan iná bí ẹni tí kò jẹ̀bi rí. Ọgbọ̀n ọdún gbéra nínú rẹ̀.

"Apẹ̀rẹ̀ ńkọ́?" ló wí.

"Apẹ̀rẹ̀ báwo, Bàbá?"

"Ẹ ò yọ ti apẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n wo nìyẹn? A kì í wọn iṣu mọ́ agbọ̀n!" Kò tíì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ tó ti gbé Alága jáde, tó fi ìka kan ṣoṣo gbé apẹ̀rẹ̀ sókè. "Ààbọ̀ kílò. Kò lé, kò dín."

Dókítà gbé apẹ̀rẹ̀ náà nìkan lé e. Ààbọ̀ kílò. Kò lé, kò dín.

Fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, Òṣùwọ̀n ni ọba gbogbo awọnrù ayé. Ní ìkẹrin, ó yọ ààbọ̀ kúrò nínú mẹ́ta àbọ̀, ohun tó kù sì wó lù ú.

"Mẹ́ta," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mẹ́ta tó wà tẹ́lẹ̀. Ibo ni àpótí rẹ wà?"

Òṣùwọ̀n sáré wọ kíṣìnì, ó gbé agolo méjèèjì jáde pẹ̀lú ìwé tó kọ nǹkan sí. Ó jẹ́wọ́, ó ṣàlàyé, ó fi ṣíbí tọ́ka sí àgbàdo bí agbẹjọ́rò. Dókítà gba agolo ẹlẹ́ja, ó kà á látòkè délẹ̀.

"Bàbá tọ̀nà, Mọ́mì. Èyí tó pọ́ọ́kú ló dáa jù. Owó adé lásán lẹ ń san."

Ojú ẹ̀gbọ́n rọ̀ díẹ̀. "Ìyẹn ni pé àgbàdo ni mo ti ń rà fún ọmọ mi?"

"Ohun tí mo rí nìyẹn, Àǹtí!" Òṣùwọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo rí nìyẹn gan-an!"

"Mélòó ló ń jẹ lójúmọ́, Bàbá?"

"Mẹ́ta!" Ó na ìwé rẹ̀ sí i. "Iye tí mò ń rà rèé."

Ẹ̀rín dókítà dúró lójú ọ̀nà. "Mẹ́ta nínú èyí? Ológbò tó bá ń jẹ mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà yìí ò ní gbà á. Mo sì yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò lóṣù tó kọjá, kò ní aràn kankan." Ó wo ìwé, ó wo ológbò. "Ta ló wá ń jẹ ẹ́?"

Alága fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ó rìn wá jẹ́jẹ́, ó gbóòórùn ìka ọ̀tún Òṣùwọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a lọ́kọ̀ọ̀kan.

Agolo kẹta nìkan ni Òṣùwọ̀n ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ọlọ́run gbọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dá oúnjẹ alẹ́ Òṣùwọ̀n dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù nínú agolo kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó lọ, ó ti ń bá ológbò pín àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ó ní: "Gùn ún."

"Kí ni, Àǹtí?"

"Ìwọ̀n. Gùn ún."

"Mọ́mì, ìyẹn ò pọn dandan..."

"Mo sanwó ìbẹ̀wò, dókítà. Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n."

Òṣùwọ̀n bọ́ bàtà rẹ̀, torí kò sí awọnrù gidi tó ń wọn nǹkan mọ́ bàtà. Ó gun ìwọ̀n oníná náà. Lọ́gbọ̀n ọdún, kò gun ìwọ̀n rí. Dókítà tẹ̀ síwájú láti ka nọ́ńbà, ohùn rẹ̀ sì re ìsàlẹ̀.

"Kílò méjìdínláàádọ́ta."

"Ẹ yọ ọ̀kan fún aṣọ," ni Òṣùwọ̀n wí.

Ẹ̀gbọ́n mú bírò, ó kọ kílò mẹ́ta Alága sínú ìwé Òṣùwọ̀n, ó kọ mẹ́tàdínláàádọ́ta sábẹ́ rẹ̀, ó sì fa ìlà sídìí rẹ̀ bíi ti káàdì ìdánwò. "Dókítà, ṣé oúnjẹ yìí lè pa èèyàn?"

"Rárá, kò lè pa á, mà, ṣùgbọ́n èèyàn ò..."

"Ó tó. Búrẹ́dì ti wọ́n." Ó ká ìwé náà. "Lọ ra mẹ́fà wá. Mẹ́ta ti Alága, mẹ́ta tìẹ. Bí o bá tún fọwọ́ kan tiẹ̀, ìta ni. Yàrá ẹ̀yìn ṣì jẹ́ tìẹ."

"Ẹ ṣé, mà! Ẹ ṣé gan-an ni, mà!"

Dókítà ń kó ẹrù rẹ̀. Kò gbójú sókè mọ́ títí ó fi jáde.

Ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkòríta, obìnrin tó ń tajà náà wo agolo mẹ́fà tí Òṣùwọ̀n tò sórí káńtà. "Mẹ́fà lónìí, Bàbá? Ológbò yín ti di méjì ni?"

"Ó ti di méjì."

"Ẹ wò ó! Ṣé ìkejì náà kéré?"

"Ó tóbi díẹ̀. Ó ti dàgbà."

"Ẹ bá a mú èyí tó ní ẹ̀dọ̀ púpọ̀, owó kan náà ni. Àwọn tó bá ti dàgbà máa ń fẹ́ràn rẹ̀."

Òṣùwọ̀n dúpẹ́. Ó dá mẹ́ta padà, ó mú ẹlẹ́dọ̀ mẹ́ta. Ó fi ìka kan gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fúyẹ́ díẹ̀, ó dá a padà, ó mú òmíràn. Èyí wúwo dáadáa. Ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an, orin kan tó ti gbàgbé tipẹ́ sì ń jáde ní imú rẹ̀.

Ibi tí orin náà dé ẹsẹ̀ kejì ló ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí káńtà, agolo náà nínú rẹ̀. Inú òun ni ó ń dùn báyìí, nítorí oúnjẹ ológbò.