5G Lórí Ibojì Bàbá Wa

Ìró dígà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ẹnikẹ́ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọjà Aiyetoro-Gbede bọ̀ ni. Àpò gàrí wà níwájú ọlọ́kadà, èmi wà lẹ́yìn, mo sì ń bú u bọ̀ lójú ọ̀nà pé ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Bí a ti yà sí ojúlé wa ní Kabba, mo gbọ́ gbà! Irin lórí sìmẹ́ǹtì. Ó tún dún. Ta ló ń fọ́ nǹkan nínú ilé wa tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?

A gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹnu mi là, kò pa dé mọ́.

Lájídé, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló di dígà mú. Ó ti bọ́ ẹ̀wù, òógùn bò ó. Bàbá rẹ̀, tó ń jẹ́ Benjamin, tí a ń pè ní Bàbá Benjamin, tó di olórí ẹbí wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, dúró tì í, ó gbára lé ọ̀pá. Virtue, ìyàwó Lájídé, na fóònù sókè bí ẹni tó ń wá oṣù tuntun. Ibi tí wọ́n sì ń gbẹ́ ni ibojì bàbá mi.

Ibojì bàbá mi o! Ọláníran, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé tí gbogbo wọn ń forí pamọ́ sí. Igun kan lára táìlì funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bò ó nígbà ìrántí rẹ̀ ti fọ́ yángayànga, sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ ti là, ihò dúdú kan sì yọ níbẹ̀ tí ìkúùkù èèyàn á wọ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀ lórí ọ̀kadà. Orí ibojì ni mo bá ara mi.

"Lájídé! Tí o bá tún gbé irin yẹn sókè, orí mi ni kó bà. Ṣé orí rẹ pé ṣá? Àbí burúkùtù lo fi fọ ẹnu láàárọ̀?"

"Tinúkẹ́, sọ̀ kalẹ̀," Bàbá Benjamin ní.

"Bàbá, okun o. Mo kí yín, kí ẹ má baà ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó yá, kí ni òkú fi ṣe yín?"

"Òkú ò fi nǹkan kan ṣe wá. Ẹ̀yin alààyè ni. Ẹ ti fa ilẹ̀ baba wa lé àwọn oní-5G lọ́wọ́, ẹ sì ti rì í mọ́lẹ̀ síbí."

Mo wò ó. Mo rò pé ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín ni. Ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń bí i nínú: nígbà kan, àwọn kan wá bẹ̀ wá pé kí a fún àwọn ní ẹ̀yìnkùlé yìí, àwọn fẹ́ ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì síbẹ̀. Ẹbí pé jọ, a gbọ́wọ́ lé ibojì yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì búra pé ẹnì kan nínú wa ò ní fa ilẹ̀ tí òkú wa sùn sí lé àlejò lọ́wọ́. Bàbá Benjamin ló ṣáájú ìbúra náà. Láti ìgbà kòrónà tí ẹnì kan ti fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ pé 5G ń pa èèyàn, ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ ọ́ nínú bíi Sáàmù.

"Virtue, fi hàn án," ó ní.

Virtue na fóònù sí mi. Níbi tí wáífáì máa ń to orúkọ sí, mo rí "Ọláníran". Mo rí ìkejì lábẹ́ rẹ̀: "Ọláníran 5G".

"Ẹ fojú yín rí i, Àǹtí," Virtue ní. "Bí mo bá wà lójú títì, kò sí. Ní ìdí máńgòrò, ó ń yọ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ti dé ibojì yìí, ó kún fọ́fọ́."

Mi ò purọ́, mi ò rí i rí. Mo fa fóònù tèmi yọ, "Ọláníran" nìkan ló wà níbẹ̀.

"Tèmi ò gbé irú ẹ̀ wá."

"Ó ń fara pamọ́ fún ẹ ni," Lájídé ní. "Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Fara pamọ́ bíi kí ni? Bíi tìẹ níjọ́ tí wọ́n pè yín síṣẹ́ ìlú? Ta ló ń ri òpó mọ́lẹ̀ pátápátá, ṣé iṣu ni, tí yóò ta?"

Bàbá Benjamin fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Sìmẹ́ǹtì lásán ló wà níbí tẹ́lẹ̀, ó tó ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló dé tí Ayọ̀wálé fi rán àwọn àjèjì wá láti Abuja kí wọ́n wá fi táìlì bò ó? Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni orúkọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Kí ni wọ́n bò mọ́lẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gbá mi láyà, nítorí òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni. Ayọ̀wálé, ẹ̀gbọ́n mi, rán àwọn onítáìlì wá, ó sì fi àpótí kékeré kan rán wọn, ráútà tó ń pín wáífáì, tó fi orúkọ bàbá wa sọ, kí Màámi lè máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ojú fèrèsé Màámi ni wọ́n gbé e sí. Fèrèsé náà sì kọjú sí ibojì.

"Ráútà!" mo kígbe. "Ráútà ni, ẹ̀yin èèyàn yìí!"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí Màámi lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé. Gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí. Ó ti bẹ̀ wọ́n títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo sáré kọjá lára rẹ̀, mo wọ yàrá, mo fa wáyà àpótí náà yọ lára ògiri.

"Virtue! Kí lo rí?"

"Ó ti lọ! Jésù! Méjèèjì ti lọ!"

Mo ṣe bí mo ti parí ìjà. Àṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òmíràn sílẹ̀ ni.

"Ẹ ò rí i!" Bàbá Benjamin fò sókè. "Inú ilé ni wọ́n gbé e sí! Ó ti ń pa wá díẹ̀díẹ̀ látọjọ́ yìí!"

Mo pe Ayọ̀wálé, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo sọ ibi tí dígà ti balẹ̀ fún un. Ayọ̀wálé kọjú ọ̀rọ̀ sí Bàbá Benjamin.

"Bàbá, àpótí yẹn kì í ṣe òpó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí fóònù tiyín ń gbà náà ni òun ń gbà, ó kàn ń pín in kiri inú ilé ni. Ọ̀nà méjì ló fi ń pín in. Ọ̀kan ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n kò yára. Fóònù àtijọ́ bíi ti Tinúkẹ́, ọ̀nà yìí nìkan ló lè rí. Ìkejì yára gan-an, ṣùgbọ́n kò lè rìn jìnnà, ògiri lásán ti tó láti dá a dúró. Ìyẹn ni wọ́n kọ 5G sí nídìí. Bí ìgbì rẹ̀ ṣe ń yára mì tó ni márùn-ún yẹn ń sọ. 5G tí ẹ̀ ń bẹ̀rù, ìran karùn-ún nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òpó nìyẹn. Wọn ò bá ara wọn tan."

"Irọ́," Bàbá Benjamin ní, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Virtue, wo òkè fóònù rẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Virtue wò ó. "4G."

"Ìyẹn ni ti òpó. Ṣé o ti rí i kó di 5G rí?"

"Rárá." Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "4G náà ló máa ń wà níbẹ̀."

"Ẹ tún bi ara yín," èmi náà já a gbà, "òpó wo lágbára rẹ̀ ń tán sí ìdí máńgòrò?"

Dígà bọ́ lọ́wọ́ Lájídé. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un. Bàbá Benjamin ṣí fìlà, ó fi nu ojú, ó tún dé e padà.

"Ìyàwó wa," ó wí fún Màámi, "a ṣìṣe. Lájídé á lọ ra sìmẹ́ǹtì, yóò dí i kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ilé ewúrẹ́! Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa gún un dé eegun nígbà tí Màámi dìde.

"Benjamin," ó ní.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wọ ilé yìí, Màámi ò fi orúkọ pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ kan rí. "Ọkọ mi kékeré" ló máa ń pe Bàbá Benjamin, títí irun ọkùnrin náà fi funfun.

"Mo kúnlẹ̀ fún ẹ láàárọ̀ yìí. Mo ní kí o wọlé, kí o tú àpótí aṣọ mi, kí o tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. O ní òkú ló máa sọ òótọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó gbé ẹ kọ́rùn lọ sílé ìwé, irin lo fi bi í léèrè ọ̀rọ̀."

Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀ gbalasa tó wà lápá òsì ibojì. Ní ilé wa, bí ọmọ ìyá bá ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n ń sùn tira. Àyè Bàbá Benjamin nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ro ó, kì í jẹ́ kí a gbin ata síbẹ̀.

"Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ," Màámi ní. "O ò ní sùn tì í. Bí mo bá kú, èmi ni kí wọ́n tẹ́ síbẹ̀."

"Màámi!" Èmi ni mo kígbe. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, èmi tí mo fẹ́ bú ọkùnrin yìí di alẹ́. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ni. Fóònù ló tàn wọ́n."

"Fóònù ò gbé dígà."

Bàbá Benjamin wo ilẹ̀ náà títí.

"Ìyàwó wa, níbo wá ni kí wọ́n gbé mi sí?"

Màámi bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù táìlì sínú etí ìró rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

"Bi ọmọ rẹ. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀."