Ohùn Tí Adènà Mọ̀

Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, tó bá gbọ́ pé ó jí, tó wẹ̀, tó jẹun, tí kò sì sọ nǹkan kan, yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn.

Alálàyé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí epo bá wọ́n, ó ní àlàyé. Bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè fọwọ́ tọ́ka sí lórí àwòrán ayé, ó ní àlàyé. Ti fóònù wá ni kí ẹ má tiẹ̀ dá sílẹ̀. Yóò sọ fún yín pé ńṣe ni àwọn tó ń ṣe fóònù mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ tètè kú, kí a lè máa ra òmíràn. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, yóò dìde, yóò lọ ra òmíràn.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà wa ni kóòtù rẹ̀. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yan olórí ìjọba tí wọ́n sì ń yọ ọ́ nípò kí onígbàjámọ̀ tó fá orí ẹnì kan tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọ̀rọ̀ bóyá kí ìjọba fòfin de géèmù fún àwọn ọmọdé ló délẹ̀. Ọkọ mi ní kí wọ́n fòfin dè é kíákíá, pé ó ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹnì kan wá bi í pé ta ló jókòó ti géèmù níbí láti ọ̀sán. Ni ariwo bá sọ. Mo ń gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ń ké, ó ń ṣàlàyé, ó tún ń ké. Nígbà tó fi máa délé, ohùn rẹ̀ ti há, ó sì kù díẹ̀ kí Adènà má ṣílẹ̀kùn fún un. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìhà ń dùn mí. Mi ò mọ̀ pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà máa dé bá.

Adènà ni orúkọ tí mo sọ ẹ̀rọ tó wà lára ilẹ̀kùn àbáwọlé wa. Àwọn olè wọ ilé kejì sí wa, lọ́jọ́ kejì ọkọ mi ti lọ gbé e wá. Kò ní kọ́kọ́rọ́, ohùn èèyàn ló ń gbọ́. Bí ẹ bá wà níta, ẹ ó ní, "Ẹ kú ilé." Bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ ó ní, "Ó dàbọ̀." Ọkọ mi ló yan ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó sì ń yan fanda kiri fún odindi ọ̀sẹ̀ kan bí ẹni tó dá èdè sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá mọ ohùn ẹni tó sọ̀rọ̀, yóò dáhùn pé, "Ó dàbọ̀, Ọ̀gá," ilẹ̀kùn á ṣí, á sì tún ti ara rẹ̀ pa. Bí kò bá mọ ohùn náà, yóò ní, "Mi ò mọ ohùn yín," bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n kọ́ ní àfojúdi.

Ohùn ọkọ mi ló mọ̀. Tèmi ńkọ́?

"Lọ́la," ni Alálàyé máa ń wí. "Lọ́la ni n ó fi tìrẹ sí i. Nǹkan yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kì í ṣe ohun à ń kánjú ṣe."

Ọ̀la yẹn kò dé. Òjò wá, òjò lọ, èmi ṣì ń bá ọkọ mi jáde láàárọ̀ bí mo bá fẹ́ ra òwú, mo sì ń dúró síta títí yóò fi dé ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ó ti fi bíríkì dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pátápátá nítorí olè kan náà, irin sì wà lójú gbogbo fèrèsé. Bí oníbàárà bá wá, ojú fèrèsé ni mo ti ń wọn ara rẹ̀. N ó na tépù gba àárín irin, n ó ní, "Ẹ yípo. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹ gbé apá sókè." Àwọn tó ń kọjá á dúró wòran. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin tó ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn kò wá mọ́. Mo bínú débi pé mo búra pé láyé mi, èmi kò ní bá pákó sọ̀rọ̀. Bí ọkọ mi bá ń kí ilẹ̀kùn, ńṣe ni mo máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ilé ìránṣọ ńlá ní ìlú mìíràn, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń rán níbẹ̀. Ẹni tó ń gé aṣọ fún un ti lọ. Ó pè mí, ó ní, "Àbúrò mi, wá. Yàrá wà, iṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì wa bá wá sí ìlú yín tí o kò sì bá a bọ̀, mo ní láti gba ẹlòmíràn. Má bínú sí mi."

Mi ò bínú sí i. Mo di báàgì kan, mo tì í sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo gbèrò kò le rárá. Bí ọkọ mi bá ti kí ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì náà máa wá, n ó tẹ̀ lé e jáde bí ẹni tó fẹ́ ra òwú.

Ó dúró síwájú Adènà ní àárọ̀ náà, ó fa bàtà rẹ̀ gún, ó wúkọ́, ó la ẹnu. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi fáìlì ha irin.

"Mi ò mọ ohùn yín," ni Adènà wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ó mu omi gbígbóná, ó lá oyin, ó gbé orí sókè bí adìyẹ tó ń mu omi, ó tún un sọ. Mi ò mọ ohùn yín. Ó fa fóònù yọ, nítorí pé fóònù náà lè ṣí i. Ṣùgbọ́n ó ti pààrọ̀ fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní èyí tuntun lè ya àwòrán òṣùpá kí ó sì hàn kedere, ọkùnrin tí kò gbójú sókè wo òṣùpá rí látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Adènà kò mọ fóònù òṣùpá náà rí. Ọkọ mi gbá ilẹ̀kùn nípàá, ó di ẹsẹ̀ mú, ó wá jókòó.

Èmi ò lè jókòó. Mo ń lọ sójú fèrèsé, mo ń bọ̀, mo di irin mú, mo tún jù ú sílẹ̀.

Fóònù mi dún. Mo gbé e sétí, ṣùgbọ́n fóònù àtijọ́ ni, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́ ohun tó bá sọ.

"Àǹtí, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n yín ló ní kí n wá gbé yín. Mo ti wà ní ìkóríta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kó ẹrù yín jáde, wọn ò jẹ́ ká dúró pẹ́ níbí."

Ọkọ mi gbójú sókè. Ó wò mí, ó wo abẹ́ tábìlì, ó rí báàgì náà. Ó la ẹnu rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń lọ. Mi ò fẹ́ sọ fún yín torí mo mọ̀ pé ẹ ó ṣàlàyé. Ẹ ó ṣàlàyé títí bọ́ọ̀sì á fi lọ, tí ó sì máa dà bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀. Mo ń wọn aṣọ fún èèyàn láàárín irin, ẹ sì ń kọjá lára mi lójoojúmọ́, ẹ ń sọ̀rọ̀ ogun. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe gbogbo ayé. Ẹ ò mọ̀ pé èmi ń kú lọ nínú ilé yìí."

Ó di orí mú. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ̀rọ̀ tí mo sì sọ ọ́ tán.

Mo pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó bá wa gbé Adènà sára ilẹ̀kùn. Ó ní òun wà ní ìrìn àjò, pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òun tó lè dé. Mo fẹ́ bú sẹ́kún.

"Màmá," ló wí, "kí ló dé tí ẹ̀yin fúnra yín ò ṣí i?"

"Kò mọ ohùn mi."

"Ó mọ̀ ọ́n kẹ̀! Ohùn méjì ló wà nínú rẹ̀, tiyín ni ìkejì. Ẹ̀rọ yẹn kì í gba ohùn ẹyọ kan, kí èèyàn má baà há mọ́lé. Ọ̀gá fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ẹ ti ń kí wọn nígbà tí ẹ ń lọ síbì kan. Àbí ẹ ò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí ni?"

Mo pa fóònù, mo yíjú sí ọkọ mi. Kò lè wò mí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ, ó kọ ọ́ sára aṣọ dúdú tó wà lórí tábìlì: Ẹ̀rù bà mí.

"Ẹ̀rù kí ni?"

Ó nàka sí báàgì.

"Báàgì yẹn ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ tilẹ̀kùn mọ́ mi."

Ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo gbé báàgì mi, mo lọ dúró síwájú Adènà, ẹni tí mo búra pé mi ò ní bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìbúra yẹn ló di ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni. Ojoojúmọ́ là ń sọ ọ́ láìronú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ wò: ó di àbọ̀. Ó dìgbà tí mo bá padà dé. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, èyí tí mi ò ní lọ́kàn nìkan ni ilẹ̀kùn yìí máa gbà lẹ́nu mi. Bí mo bá fẹ́ lọ, àfi kí n ṣèlérí pé mò ń bọ̀, ọkọ mi sì jókòó sẹ́yìn mi, ó ń dúró de ìlérí náà.

Mo gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì láti ìkóríta.

"Ó dàbọ̀," ni mo wí.

"Ó dàbọ̀, Onílé," ni Adènà dáhùn.

Onílé. Orúkọ tí ọkọ mi fi mí sí nínú rẹ̀ nìyẹn, èmi tí mò ń dúró síta bí agbowó-orí. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo jáde, mi ò bojú wẹ̀yìn, mo gbọ́ tó ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn mi. Oòrùn kàn mí lójú, mo sì ń rìn kíákíá.

Mo ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kí ó tó yé mi. Ọkọ mi wà nínú ilé. Kò lóhùn. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Irin wà lójú fèrèsé, bíríkì wà lẹ́yìn, ohùn kan ṣoṣo tó lè ṣí ilẹ̀kùn náà sì ń lọ wọ bọ́ọ̀sì. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ní kí ó tọ́ ọ wò. Mo tún gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì kọ̀. Bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú ilé yẹn ńkọ́? Mo bú u, mo bú ara mi, mo sáré padà.

"Ẹ kú ilé."

"Ẹ káàbọ̀, Onílé."

Ọkọ mi wà lórí ìdúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ tàn, omi sì bọ́ níbẹ̀, ó na ọwọ́ kó gba báàgì lọ́wọ́ mi. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ohun tó ti ṣe fún mi lọ. Mi ò fún un ní báàgì. Mo gbé e síta, mo fi èjìká kan dá ilẹ̀kùn dúró, mo ní, "Ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá."

Ó gbé e wá tìdùnnú-tìdùnnú, tòun ti tábìlì rẹ̀, irin àtijọ́ tó wúwo. Ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni mo fẹ́ fi ránṣọ. Èmi ni mo fà á débi tó yẹ, sí àárín gbùngbùn ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn fẹ́ pa dé, ó kọlu irin, ó dúró.

"Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀ títí ohùn yín á fi padà," ni mo wí. "Ẹ lè máa wọlé, ẹ lè máa jáde."

Ìgbà yẹn ló yé e. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Irinṣẹ́ tí mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti wà ní wúńdíá ni mo fi há ilẹ̀kùn fún un, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Adènà ń tún un sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tilẹ̀kùn." Mo fo orí ẹsẹ̀ tábìlì náà kọjá sí ìta. Ẹnu ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀, kò sì béèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ mi mọ́. Mo gbé báàgì mi, mo ń lọ.

Mo ti rìn díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, ó há, ó ya, bí fáìlì lára irin: "Ó dàbọ̀."

"Mi ò mọ ohùn yín," ni Adènà wí.

Èmi mọ̀ ọ́n. Mi ò dá a lóhùn.